Gàrí Ni Kí Ẹ Ṣe, Ẹ Fi Ihò Dúdú Ojú Ọ̀run Sílẹ̀

Àríyànjiyàn kan ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní déènà pẹnu. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgó-Ìwòyè níhìn-ín, àwọn ọmọ kẹ́místírì, báyọ́lọ́jì àti físíìsì, pẹ̀lú mélòó kan tí wọ́n ń kọ́ nípa èdè, fẹ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọn kò ṣe é fún olùkọ́ kankan. Gbogbo ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ó wò ó. Àkòrí ni wọn kò tíì rí. Wọ́n to mẹ́ta síwájú mi: ihò dúdú ojú ọ̀run, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀kẹta tí wọ́n rò pé yóò dùn mọ́ mi jù, "Ifá ni baba kọ̀ǹpútà". Mo ní kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí wọ́n ṣe fídíò nípa gàrí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí pé ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ihò dúdú. Ohun ìyanu ni lóòótọ́: ibi kan lójú ọ̀run tí agbára òòfà rẹ̀ pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni aráyé kọ́kọ́ rí àwòrán òjìji ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó wà láàrin agbo ìràwọ̀ tí a ń pè ní M87, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rin ìrìn nǹkan bí mílíọ̀nù 55 ọdún kí ó tó kàn wá. Awò ńlá mẹ́jọ káàkiri ayé ni wọ́n so pọ̀ kí wọ́n tó lè ya àwòrán kan ṣoṣo yìí. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Àgó-Ìwòyè fẹ́ fi kún un? Yóò wá àwòrán tí ẹlòmíràn yà, yóò tún àlàyé tí ẹlòmíràn ṣe sọ, yóò sì fi ohùn ara rẹ̀ bò ó. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ bí eèrà. N kò sọ pé kí ọmọ Yorùbá má gbójú sókè o. Bí olùkọ́ físíìsì bá fẹ́ kọ́ kíláàsì rẹ̀ nípa ihò dúdú, kí ó kọ́ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n fídíò ìta gbangba yàtọ̀ sí kíláàsì. Ẹni tí ń wò ó kò sanwó ilé-ìwé, kò ní ìdánwò níwájú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wà lórí fóònù, ó ti ṣetán láti fò ó kọjá. Bí kò bá sí ìbéèrè kan lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí fídíò náà wá dá lóhùn, ó ti lọ nìyẹn.

Ti ọgbọ́n àtọwọ́dá kò yẹ kí ó dá wa dúró pẹ́. Kí wọ́n tó parí fídíò náà, ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ yóò ti di ti àná.

Ẹ̀kẹta ni ó bí mi nínú jù, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bínú sí mi lórí rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé odù Ifá jẹ́ 256. Lóòótọ́ ni pé odù kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́jọ tí babaláwo ń tẹ̀ ní ẹyọ kan tàbí méjì-méjì, àti pé bí a bá fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí a ó fi ní méjì mẹ́jọ, 256 náà ni a ó rí. Ìṣirò yẹn gún régé. Ṣùgbọ́n láti orí ìṣirò yìí dé orí "Ifá ni baba kọ̀ǹpútà", ọ̀gbun wà níbẹ̀ tí kò sí afárá lórí rẹ̀. Ta ni ó gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ babaláwo lọ fún àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà? Ní ọdún wo? Leibniz, ará Jámánì tí ó kọ̀wé lórí ìṣirò oníméjì ní 1703, ìwé ìfá-dídá àwọn ará Ṣáínà ni ó tọ́ka sí. Àkòrí tí kò sí ẹ̀rí kankan tí ó lè gbè é tàbí kí ó bì í ṣubú kì í ṣe àkòrí sáyẹ́ǹsì, oríkì ni. Èmi fẹ́ràn oríkì, òun ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa pè é lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí UNESCO bọlá fún Ifá ní 2005, ohun tí Ifá jẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n bọlá fún. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè bóyá ó lè tan kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá sọ pé Ifá kò níyì àfi bí ó bá jẹ́ baba ohun tí Òyìnbó ṣe, Òyìnbó ni ó ń júbà fún.

Kí n má purọ́, àwọn àkòrí gidi yọjú lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Ògùn Waterside dárúkọ koríko orí omi tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, èyí tí ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n lójú ọ̀sà. Kì í ṣe òjú oró, kì í ṣe òṣíbàtà, àlejò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ọdún 1984 ni a sì kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú omi Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ó gba ojú omi ìlẹ̀ Benin wọlé. Ìbéèrè rere ni èyí, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí owó ọkọ̀ yóò wà láti lọ sí Abigi àti Makun-Omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹnìkan tún ní erin. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ lóòótọ́, apá kan igbó náà sì wà lórí àkọsílẹ̀ UNESCO láti 1977, ṣùgbọ́n erin kì í dúró de akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ya fídíò lọ́sàn-án Sátidé.

Gàrí ń dúró. Ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wà ní Àgó-Ìwòyè, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì akẹ́kọ̀ọ́ tí ń rẹ́rìn-ín gàrí. Ìbéèrè rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn kí fídíò tó dé: "Ṣé òótọ́ ni pé gàrí máa ń ba ojú jẹ́?" Ta ni nínú yín tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ fún rí? Ọmọ tí ó bá mu gàrí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n á ní kí ó rọra, kí ojú rẹ̀ má baà fọ́. Ìyá kan á ní àìsí epo pupa nínú gàrí Ìjẹ̀bú ni ó fà á. Òmíràn á ní kíkan rẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta á ní irọ́ ni, ó ṣe tán, bàbá òun mu ún títí ó fi kú, ó sì ń rí abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn jà lé lórí, tí ìdáhùn rẹ̀ wúlò, tí a sì lè yẹ̀ wò ní ìrìn wákàtí kan sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ni a tún ń wá?

Bí ẹ bá sì rò pé kò sí sáyẹ́ǹsì nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ láti oko. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún ni àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ń lò: wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo ti ń wo ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí tipẹ́, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Inú ẹ̀gẹ́ ni èròjà kan wà tí àwọn oníkẹ́místírì ń pè ní linamarin. Ẹ̀gẹ́ ni ó ṣe é fún ààbò ara rẹ̀, kí kòkòrò àti ẹranko má baà jẹ ẹ́ gbé. Èròjà kejì wà níbẹ̀ tí ó lè fọ́ linamarin túútúú kí ó sì tú sáyánáìdì sílẹ̀, ìyẹn májèlé tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé nínú ẹ̀gẹ́. Wọn kì í pàdé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ náà bá wà ní odindi. Bíbẹ ń mú èèpo kúrò, níbi tí májèlé máa ń pọ̀ sí. Rírin ni ó ń wó ògiri àárín yàrá méjèèjì. Fífún ń lé omi jáde, májèlé púpọ̀ sì ń bá omi náà lọ. Yíyan ń fi iná lé ìyókù, nítorí pé sáyánáìdì tí ó ti tú sílẹ̀ máa ń di ooru ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 ti Celsius, èyí tí kò tó ooru ọ̀sán gangan ní Ìjẹ̀bú.

Níbí ni ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu wà. Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí ni ń mú oró ẹ̀gẹ́ kúrò, èmi rò pé púpọ̀ yóò ní kíkan ni: ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí a fi í sínú àpò lábẹ́ òkúta tàbí jáàkì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ pàápàá rò fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé rírin ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láàrin wákàtí díẹ̀ péré. Kíkan ní iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sọ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́ di ásíìdì, òun ni ó ń fún gàrí Ìjẹ̀bú ní adùn tí a fi mọ̀ ọ́n, òun ni kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́. Kódà, kíkan náà máa ń mú kí ìyókù májèlé rọ̀ mọ́ inú ìyẹ̀fun dípò kí ó fò lọ, ìdí nìyí tí fífún àti yíyan kò fi ṣeé fi ṣeré. Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní Codex sọ pé sáyánáìdì inú kílò gàrí kan kò gbọ̀dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ. Obìnrin tí kò lọ ilé-ìwé rí ni ó ń fi ọwọ́ àti imú lé májèlé yìí jáde lójoojúmọ́. Ṣé ẹ̀yin wá fẹ́ sọ fún mi pé ihò dúdú ni sáyẹ́ǹsì, èyí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì?

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú. Òun ni ó gbé mi dìde.

Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa àìsàn kan ní gúúsù Nàìjíríà: àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó ni, ẹsẹ̀ á kú tipiri, ẹni náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn, ojú rẹ̀ á máa ṣókùnkùn, etí náà á sì máa di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn, ẹni tí ó kú ní 1995, ni ó fi àwọn ọdún 1960 tẹ̀ lé àìsàn náà. Ibo ni ó bá a? Ẹ̀pẹ́, àti Òsósà. Bẹ́ẹ̀ ni, Òsósà tiwa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlú bàbá Ògúǹdé eléré. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni àwọn aláìsàn náà ń jẹ jù, ó sì dábàá pé sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ wọn ni ó ń bá iṣan ara wọn jẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Nítorí náà, ohun tí ìyá yín ń sọ kì í ṣe àlọ́. Onímọ̀ gidi ti sọ ọ́ rí, ó sì ní ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, ibi tí kò parí sí yìí ni adùn rẹ̀ wà. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan tí Olúwọlé àti Ọ̀nàbólú wà nínú wọn tẹ àbọ̀ ìwádìí tuntun jáde lórí Òsósà kan náà. Wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé. Àìsàn náà kò tíì lọ: wọ́n bá a lára ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn kan náà tẹ òmíràn jáde nípa ìlú kan tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ sáyánáìdì púpọ̀ láti inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́, síbẹ̀ tí àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Bí ẹ̀gẹ́ bá ni ó jẹ̀bi, báwo ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹjọ́ náà kò tíì parí títí di òní. Ẹ wo bí sáyẹ́ǹsì ṣe rí gan-an: onímọ̀ ńlá dábàá, àwọn mìíràn padà sí ìlú kan náà, wọ́n kà, wọ́n wọ̀n, wọ́n sì ní ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ wà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí dókítà ń bá dókítà sọ. Òsósà ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mélòó nínú àwọn ọmọ Òsósà ni ó gbọ́ àbọ̀ rẹ̀?

Orúkọ kan tún wà lára àwọn tí ó kọ ìwádìí 2000 yẹn: Hans Rosling. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa, fídíò rẹ̀ ni wọ́n ń wò! Ará Swídìn tí ó gba orí pèpéle ní 2006, tí ó ń fi ìyípo aláràbarà ṣàlàyé ìlera àti ọrọ̀ gbogbo ayé, tí mílíọ̀nù ènìyàn sì wò ó. Kí ó tó di gbajúmọ̀, ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1981 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àìsàn kan pàdé ní Mòsáḿbíìkì tí ó ń rọ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa ní àkókò ọ̀dá. Ẹni tí a ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fídíò sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ayé kò ka ẹ̀gẹ́ sí ohun ẹ̀rín. Ẹ̀yin tí ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé yín ni ẹ ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá gbọ́ ewu tí ó wà níbẹ̀. Láàrin 2005 àti 2007, a ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí ohun tí ń fọ́ àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún lójú. Aṣọ funfun tí ó máa ń bo inú ẹyinjú, èyí tí iṣẹ́ abẹ kékeré lè mú kúrò, ni ó fa 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Àìsàn tí ó máa ń jẹ iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá inú ẹyinjú sábà máa ń bá rìn, tí kì í dun ni títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí, ni ó fa nǹkan bí 17. Èyí kejì yìí, ohun tí ó bá ti jẹ, kò sí oògùn tí ó lè dá a padà. Títètè rí i nìkan ni ìrètí. Nísinsìnyí, ẹ fojú inú wo ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ó ní, "Gàrí ni. Màá dín in kù." Ó dín in kù, ó sì jókòó sílé. Ọdún méjì kọjá. Nígbà tí wọ́n bá mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, ilẹ̀ ti ṣú. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà sí ìbéèrè gàrí lè gba ojú lọ́wọ́ ènìyàn, bí gàrí fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Èwo nínú fídíò ihò dúdú ni ó ru irú ẹrù yìí?

Wọ́n á tún sọ fún mi pé, "Sà, èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a fi lè sọ ọ́." Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀ka èdè ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì dùn mí. Àìsàn ẹsẹ̀ tí mo sọ pé Rosling bá pàdé ní Mòsáḿbíìkì, kí ni gbogbo dókítà ayé ń pè é? Konzo. Ọ̀rọ̀ àwọn Yaka ilẹ̀ Kóńgò ni, ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a dè. Àìsàn ọmọdé tí àìtó oúnjẹ aṣaralóore máa ń fà, kwashiorkor, ọ̀rọ̀ àwọn Gã ti Gánà ni. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ni ó gbé e wọ ìwé ní 1935. Àìsàn o'nyong-nyong tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ùgáńdà ní 1959, ọ̀rọ̀ Acholi ni. Àwọn tí wọ́n ní àìsàn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, sáyẹ́ǹsì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Yorùbá tí ó ní bẹ, rin, fún, jọ̀ àti yan kò tòṣì. Ọ̀rọ̀ mélòó kan ni a ó yá, linamarin àti sáyánáìdì, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì náà ti yá wọn. Ó tì mí lójú díẹ̀ láti sọ pé àwa onímọ̀ èdè jókòó, a ṣe èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀, iṣẹ́ ńlá tí àwọn Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì darí, ṣùgbọ́n a kò jókòó ti obìnrin tí ń yan gàrí kí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àkókò tí a wà yìí ni kò jẹ́ kí n lè fi í ṣeré. Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà, ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ìkùnà nínú ìdánwò ti pọ̀ jù. Èmi kò gbà á gbọ́, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ilé-ìwé bá ti, ta ni ó ti ti fóònù? Kò sí mínísítà tí ń yan èdè fún fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní òmìnira yìí bá tún fi ọwọ́ ara wọn yan ihò dúdú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gbe ìjọba lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Àtakò kan ṣoṣo ni ó mú mi ronú. Ọmọbìnrin kan láàrin wọn, tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ta gàrí, ní ẹ̀rù ń ba òun pé fídíò náà yóò ba ọjà jẹ́. Ó gba ọ̀rọ̀ sọ. Bí àkọlé fídíò bá jẹ́ "Májèlé Nínú Gàrí Yín", gbogbo ayé yóò wò ó, ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú agbada yóò sì sunkún. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìbéèrè bí àwọn ènìyàn ṣe ń bi í: "Ṣé Gàrí Máa Ń Ba Ojú Jẹ́?" Kí obìnrin oníṣẹ́ gàrí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ̀rọ̀, kí ó sọ ohun tí ó ń ṣe àti ìdí tí ó fi ń ṣe é, kí oníkẹ́místírì tó là á yé wa. Bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí Bradbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia ṣe, tí ó máa ń di pupa rúsúrúsú bí sáyánáìdì bá bá a; ẹ lò ó níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú olùkọ́ kẹ́místírì yín, lára ẹ̀gẹ́ tútù, lára èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, lára èyí tí a ti fún, lára gàrí tí a ti yan. Àwọ̀ yóò máa rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé yóò rí i. Bí kò bá rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ti sọ, ẹ fi ìyẹn náà hàn. Kí ẹ tó parí, ẹ sọ ọ́ gbangba pé ẹjọ́ Òsósà kò tíì parí, àti pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣókùnkùn, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ó gbà lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, yálà ó mu gàrí tàbí kò mu ún.

Iṣẹ́ kan wá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ònkàwé mi. Èdè àdúgbò ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ nínú fídíò náà. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Àgbò, Òkè-Sópẹ́n, Ojowo, Atikori àti Japara. Ẹ̀yin ọmọ Àgó-Ìwòyè. Ẹ̀yin ará etí omi, láti Abigi, Ibiade àti Iwopin: kí ni àwọn ìyá yín ń pe ẹ̀gẹ́ tí a ti rin tí a sì ti fún, ṣùgbọ́n tí a kò tíì yan? Kí ni wọ́n ń pe omi tí ń kán jáde nínú àpò? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà fún òórùn tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti kan tó? Ẹ kọ ọ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.